Òdòdó Ọsàn fún Ìyàwó

Nínú bọ́lẹ̀kájà láti Iléṣà sí Òṣogbo ni mo ti gbọ́ ọ, ní àwọn ọdún tí ìyàwó ṣọ́ọ̀ṣì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń di òdòdó mọ́wọ́. Ìyá kan àti ọmọ rẹ̀ obìnrin jókòó kọjú sí mi. Mi ò dọdẹ ọ̀rọ̀ wọn o. Orúnkún wa ló kan ara.

Ọmọ ní, "Yèyé, òdòdó ọsàn ni mo fẹ́ mú dání lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Òun ni ìyàwó inú kàlẹ́ńdà mú. Ó funfun, ó sì ń ta sánsán."

"Ọsàn ẹ̀yìnkùlé wa? Òdòdó kan tí o bá já, ọsàn kan lo já yẹn. Ìyàwó tí a fẹ́ ṣàdúrà ọmọ fún, òun ló máa kó ọmọ ọlọ́mọ dání wọ ṣọ́ọ̀ṣì?"

"Kí ni kí n wá mú?"

"Òdòdó wà lára ilá. Ilá kì í pẹ́ so òmíràn."

"Ilá kẹ̀! Kí wọ́n lè rò pé ọbẹ̀ ni mo fẹ́ sè fún àlùfáà?"

Gbogbo ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín, àfi ìyá náà. Ó ní, "Igi wo ló máa fọwọ́ sí i pé kí wọ́n já ọmọ òun lọ?"

"Ẹ̀yin náà ṣáà ti fọwọ́ sí tèmi, Yèyé."

Afẹ́fẹ́ ti tú gèlè ọmọ náà. Ìyá fà á mọ́ra, ó tún un wé fún un.

"Tètè jí lọ́jọ́ náà," ló wí. "Èyí tó bá ti bọ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀ ni kí o ṣà. Èyí tó bá ṣì di igi mú, fi í sílẹ̀ fún ìyá rẹ̀."