Nọ́ńbà tó wà nínú agolo bọ́tìnnì

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ọmọ mi ń retí ìpè kan tí mo mọ̀ pé kò ní wọlé, nítorí pé èmi ni mo dí i lọ́nà. Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé. Bí fóònù rẹ̀ bá ti dún, á sáré wò ó. Bí kì í bá ṣe ẹni tó ń retí, á rọra gbé e sílẹ̀, á ní, "Màámi, bóyá wọ́n rìnrìn-àjò ni." Èmi á sì máa rán aṣọ mi lọ bí ẹni tí kò gbọ́.

Télọ̀ ni mí. Ìbà níbí ni à ń gbé, èmi àti Mojí nìkan. Ọdún kọkànlá ìgbéyàwó mi ni mo tó bí i, n kò bí òmíràn, bàbá rẹ̀ sì ti kú. Ó ti pé ọmọ ọdún méjìlélógún, ó ń tún rédíò ṣe ní Alábà, ṣùgbọ́n eré kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n fi ń wa bàálù lọkàn rẹ̀ wà. Nígbà tí kí ó kàn máa tẹ kọ̀ǹpútà kò tẹ́ ẹ lọ́rùn mọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kan ìtọ́kọ̀ tirẹ̀, ohun tí yóò máa fi darí bàálù inú eré náà. Ó fi páìpù omi ṣe ọwọ́ rẹ̀. Ó tú ohun tí a fi ń yí ohùn sókè sódò lára rédíò tó ti bàjẹ́, ó so ó mọ́ ìdí páìpù náà kí kọ̀ǹpútà lè mọ ibi tí ó yí ọwọ́ sí. Ó wá ku ohun tí yóò máa fi ẹsẹ̀ tẹ̀. Èmi fúnra mi ni mo fún un ní pẹ́dà máṣíìnì ìyá mi, tó ti wà lásán láti ìgbà tí mo ti ra oníná. Ó yí i sí ẹ̀gbẹ́, kí tọ̀tún lè máa gòkè bí ó bá tẹ tòsì. Inú mi dùn. Ṣé ẹ mọ ìdí? Bàálù tí kì í kúrò nínú yàrá ni. Mò ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ ọmọ mi láti ìdí iṣẹ́ mi. Nígbà mìíràn á pè mí pé, "Màámi, ẹ wá jókòó, a fẹ́ gbéra. Ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan o, èrò lẹ jẹ́, ẹ kì í ṣe dẹ́rẹ́bà."

Lọ́jọ́ kan tí kò sí nílé, bàbá kan tó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní kọ̀ǹpútà ní Òkókómáíkò wọlé. Ọ̀gá Mojí ló fi fídíò iṣẹ́ rẹ̀ hàn án, tó sì júwe ilé wa fún un. Ọ̀gá náà ti sọ fún Mojí pé bàbá kan yóò pè é nítorí iṣẹ́ náà. Ó fẹ́ kí Mojí wá kan irú rẹ̀ fún òun. Ó ní òun tún mọ àwọn tó lè ràn án lọ́wọ́ kó kọ́ bí wọ́n ṣe ń wa bàálù gidi. Gidi yẹn ló já mi láyà. Mo ní, "Ó ti pa á tì, sà. Ó ti tú u palẹ̀." Nǹkan náà wà lẹ́yìn kọ́tìnnì, kò jìnnà sí ibi tó dúró sí. Ó kọ nọ́ńbà rẹ̀ sórí ìwé kékeré kan, ó ní bóyá ọmọ náà á yí ọkàn padà. Mo fi ìwé náà sínú agolo bọ́tìnnì mi.

Lánàá, Mojí ń fi epo sí pẹ́dà náà, ó ní, "Bí bàbá yẹn bá dé, ẹ̀yin lẹ máa sọ fún wọn pé ti ìyá yín ni."

Ó ti sùn báyìí. Mo mú ìwé náà jáde, mo fi í sórí pẹ́dà, níbi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò kọ́kọ́ kàn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti padà lọ mú un. Ẹ̀yin abiyamọ, ẹ gbà mí nímọ̀ràn: bí ó bá bi mí pé níbo ni ìwé yìí ti wá, kí ni kí n sọ? Mo ti dá a padà síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta, mo sì ti pa ilẹ̀kùn yàrá náà dé.