Ẹ Má Pe Àṣàbí Mọ́

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi nínú yàrá ìwádìí yìí, ẹ fi iṣẹ́ sílẹ̀ ná, kí ẹ jókòó. Ọ̀rọ̀ kan ń bẹ nínú mi tó ti wú, bí mi ò bá tú u jáde lónìí, á pa mí. Ẹ̀ ń bi mí pé kí ló dé tí mo fẹ́ fiṣẹ́ sílẹ̀, ẹ rò pé ara mi ni ò yá. Ara mi yá. Ìwà mi ni ò dáa. Èmi Mojíbọ́lá tí ẹ ń pè ní Àǹtí Mojí, tí ẹ ń kúnlẹ̀ kí láràárọ̀, ojú lẹ rí, ẹ ò rí inú.

Ọmọ ilé ìwé gíga kan wà tó ń jẹ́ Faridah. Kò sí èyí tó ti dé síbí nínú yín nígbà náà. Ìyá rẹ̀ ń ta aṣọ òkirikà ní Bariga. Jẹjẹrẹ inú ọpọlọ ló mú ọmọ náà, irú èyí tó le jù, tó ń ta gbòǹgbò wọnú ọpọlọ débi pé bí dókítà bá gé e lónìí, èyí tó ṣẹ́ kù á tún hù lọ́la. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń tì í lọ síbi iṣẹ́ abẹ, ìyá rẹ̀ ń sáré tẹ̀ lé bẹ́ẹ̀dì, ó ń pè é pé, "Àṣàbí mi, padà wá bá mi o." Ibẹ̀ tí mo ti ń dúró gba ohun tí wọ́n bá gé ni mo ti gbọ́ oríkì rẹ̀. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ọmọ náà kú.

Ìyá Faridah wá bá wa níbí, ní Fọlá Agoro. Ó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, lọ́dọ̀ tiwa, ohun tí wọ́n bá yọ lára òkú, òun náà ló ń bá wọlẹ̀. Ẹ bá mi kó gbogbo ẹ̀ fún mi." Mo wọlé lọ sọ fún Dókítà Bámilóyè, ọ̀gá wa. Ó ti fi kókó tí wọ́n gé lórí ọmọ náà sínú ìgò, inú rẹ̀ ń dùn. Ó ní, "Mojí, wò ó, ó yè, ó ti lẹ̀ mọ́ ara ìgò, ó ń dàgbà! Ti àwọn aláìsàn tó kù kì í gbà. Ibi tá a ti máa rí oògùn rèé." Mo ní, "Ọ̀gá, ìyá ẹ̀ ń dúró níta." Ó ní, "Fún un ní nǹkan." Mi ò bi í pé kí ni.

Mo lọ sọ́dọ̀ alápatà ní Fádèyí, mo ra ọpọlọ màlúù. Mo gé díẹ̀ níbẹ̀ sínú ìgò, mo da oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹran rà lé e lórí. Ìyá Faridah fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó dì í mọ́ àyà. Ó ní, "Ẹ ṣeun, àǹtí. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ẹ sunkún ọmọ." Èmi náà ṣàmín. Ẹ ò rí ìkà!

Nọ́ńbà ara ìgò yẹn ṣòro láti rántí. Láàárọ̀ ọjọ́ kan mo ṣí àpótí olóoru tí a ń kó wọn sí, ọ̀rọ̀ bọ́ lẹ́nu mi: "Àṣàbí, ṣé dáadáa lo jí?" Àwọn tá a jọ wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín, bó ṣe di orúkọ nìyẹn. Ẹ̀yin náà ń kí i, ṣebí ẹ mọ̀. Nígbà tí iná lọ tí jẹnẹrétọ̀ náà kọ̀, gbogbo sẹ́ẹ̀lì, ẹyọ ẹran ara tíntìntín tí a ń tọ́jú, tó jẹ́ ti àwọn aláìsàn tó kù ló kú. Àṣàbí ò kú. Oògùn tí a bá dà sí i, á súnkì, á dákẹ́, tó bá yá àwọn ẹyọ rẹ̀ á tún bẹ̀rẹ̀ sí í nawọ́ síra wọn.

Ọdún yípo, Ìyá Faridah tún dé. Ó ti rù kan egungun. Ó ní, "Àǹtí, ẹ máà bínú. Ọmọ mi ń wá bá mi lójú oorun. Ó ní ibì kan tó móoru lòun wà, pé bí ilẹ̀ bá ti mọ́, obìnrin kan á ṣílẹ̀kùn, á fi oríkì pe òun. Ó lóun fẹ́ máa lọ, àmọ́ bí wọ́n bá ti pe òun, òun á dáhùn." Orí mi wú. Àpótí náà ń kùn lẹ́yìn mi. Ó ní, "Ṣé gbogbo ohun tó wà lórí ọmọ mi lẹ kó fún mi?"

Ǹ bá ti jẹ́wọ́ níbẹ̀ yẹn. Ohun tí mo sọ ni pé, "Mọ́mì, mo fi orí Ayọ̀kúnnúmi, ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí, búra. Kò sí nǹkan yín lọ́dọ̀ wa." Mo tún dì mọ́ ọn, mo ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Nínú gbogbo ìwà burúkú tí mo hù, kò sí èyí tó tó o.

Láti ọjọ́ náà, mi ò lè fọwọ́ kan orí ọmọ mi. Bó bá ní kí n di irun òun, màá ní kó lọ sọ́dọ̀ onídìrí. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló ti ilé ìwé dé tó ní, "Mọ́mì, orí ń fọ́ mi." Yéè! Mi ò bọ́ aṣọ iṣẹ́, mo fà á lọ́wọ́, ó di Bariga. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja bí ọkùnrin níwájú Ìyá Faridah, mo ka gbogbo rẹ̀ fún un.

Mo rò pé á gbá mi létí. Ohùn jẹ́jẹ́ ló fi bi mí pé, "Màlúù? Màlúù lẹ jẹ́ kí n sin mọ́ ọmọ mi?" Ó wá bú sẹ́kún. Nígbà tó ṣe, ó wo ọmọ mi tó forí lé ògiri. Ó ní, "Kí lorúkọ ẹ?" "Ayọ̀kúnnúmi, mà." Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e lórí, ó ní, "Orí ẹ ò mọ nǹkan kan sí i. Ìyá ẹ ló búra." Ó yíjú sí mi: "Èyí tó wà lọ́dọ̀ yín, àrùn tó pa ọmọ mi ni. Ẹ máa lò ó, bóyá ẹ ó rí oògùn ọmọ ẹlòmíì. Àmọ́ ẹ má pe Àṣàbí mọ́. Ọmọ mi ló ni ín."

Ibà ni wọ́n bá lára Ayọ̀kúnnúmi, ó ti ń gbádùn. Ọ̀rọ̀ tí ìyá yẹn sọ nípa oríkì náà ni ìdí tí mo fi ń lé yín sẹ́yìn láàárọ̀ láti ọjọ́ náà. Èmi ni mò ń ṣí àpótí, mi ò sì ń sọ̀rọ̀. Mo ń fún sẹ́ẹ̀lì náà lóúnjẹ bí ti tẹ́lẹ̀, iná ò lọ, ooru ò dín. Láàárọ̀ yìí mo wo ìgò kìíní, mo wo ìkejì, mo wò wọ́n tán. Gbogbo wọn ti kú. Dókítà Bámilóyè ń pariwo pé ta ló ba iṣẹ́ òun jẹ́. Ibi tí mo dúró sí ni fóònù mi ti dún, Ìyá Faridah ni. Ó ní òun sùn lánàá, ẹnikẹ́ni ò wá bá òun.

Mo ti kó wọn sínú aṣọ funfun. Lọ́la, èmi àti òun ń lọ sí itẹ́ òkú, lèmọ́mù ti gbà. A ó yọ ti màlúù, a ó fi èyí síbẹ̀. Ẹ forí jì mí, ẹ̀yin ọmọ. Ẹ má mú nǹkan lára ẹnikẹ́ni láìtọrọ. Ẹ gbọ́ ohun tí ìyá yẹn sọ nígbà tó ti mọ̀ tán: ó ní ká máa lò ó. Ká ní a tọrọ ni, ì bá ti fún wa.