Tábìlì Inú Ọ̀rá

Ibi tí mo ti ń dúró de onígbàjámọ̀ ní Lanham ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ọkùnrin méjì tó ń wo ìdíje sínúkà, bọ́ọ̀lù kéékèèké tí wọ́n ń fi ọ̀pá gbá lórí tábìlì, lórí tẹlifíṣọ̀n.

“Ẹ̀gbọ́n, ará Filipíìnì tún ti gbà á! Kí ni wọ́n ń jẹ gan-an?”

“Ìrẹsì, bíi tìẹ. Láti kékeré ni wọ́n ti ń gbá a lábẹ́ páànù, lórí tábìlì tẹ́sẹ̀ ẹ̀ ò dọ́gba. Tí wọ́n bá wá rí èyí tó tẹ́jú lókè òkun, ta ló fẹ́ mú wọn?”

“Èmi náà ra tábìlì ojúlówó fáwọn ọmọ mi, ó wà nílé wa ní Brandywine.”

“Wọ́n ń gbá a?”

“Háà! Ọ̀rá tó bá a wá ṣì wà lórí ẹ̀. Mi ò jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kàn án, kó má baà bàjẹ́.”

“O káre. Àwọn ará Filipíìnì ní kí n bá àwọn dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ.”