Ìpolówó Tí Mo Pè Ní Ìṣípayá

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì dá mi lẹ́bi títí n ó fi sọ̀rọ̀ mi tán. Lẹ́yìn náà, ẹ dá mi lẹ́bi bó ṣe wù yín, torí èmi gan-an ti dá ara mi lẹ́bi. Opó ni mí, mo ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ọ̀kan nínú àwọn ìyá ìjọ sì ni mí. Ìtìjú ni mo fi ń sùn, òun náà ni mo fi ń jí. Fẹ́sítáàkì ni mò ń gbé pẹ̀lú Dàpọ̀, ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí. Sátidé tó ń bọ̀ yìí ni ẹbí ìyàwó rẹ̀ ń bọ̀ wá kó ẹrù rẹ̀ lọ. Èmi ni mo tú ilé náà ká, ọmọ mi kò sì tíì mọ̀ pé irọ́ ni mo fi tú u ká.

Fọlákẹ́ ni orúkọ ìyàwó náà. Kò ṣẹ̀ mí, kò sì fi ojú àgbà mi gbolẹ̀ rí. Àmọ́ ó ti di ọdún mẹ́ta tó ti wọlé, kò sóyún, iṣẹ́ báńkì rẹ̀ ní Apápá sì máa ń mú un pẹ́ níta. Bó bá dé, á jókòó ti kọ̀ǹpútà tó wà ní pálọ̀, á máa rẹ́rìn-ín. Kí ló ń pa á lẹ́rìn-ín? Ta ló ń bá sọ̀rọ̀? Ẹ má rò pé mo jẹ́ àgbàlagbà tí kò mọ kọ̀ǹpútà o! Ọgbọ̀n ọdún ó lé mẹ́ta ni mo fi tẹ táípù fún ìjọba àpapọ̀, ìka mi ṣì yá ju ti àwọn ọmọ ìsinsìnyí lọ. Bí tọkọtìyàwó bá ti jáde láàárọ̀, èmi náà á jókòó sídìí kọ̀ǹpútà kan náà, màá máa tẹ ìbéèrè sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Kí ni àmì ìyàwó tó ń yan àlè? Báwo ni wọ́n ṣe ń pàdé àwọn àlè náà? Mo ka èyí, mo wo tọ̀hún. Bí mo bá wò ó tẹ́ ara mi lọ́rùn, màá pa á, màá sì lọ gbé ẹ̀wà kaná.

Mo wá gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, mo ní kí Olúwa fi àṣírí ìyàwó yìí hàn mí. Ní ọjọ́ kẹrin, ìròyìn lásán ni mo fẹ́ kà, ni mo bá rí ìpolówó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn ọkùnrin ń rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n ní kí obìnrin ilé ọkọ tó bá ń wá ọ̀rẹ́ kọ̀rọ̀ tẹ ibẹ̀. Mo ṣí ojú ewé mìíràn, àwọn náà nìyẹn! Mo fò sókè, mo kígbe halelúyà. Mo rò pé ibi tí Fọlákẹ́ ń lọ ni wọ́n ti ń pè é padà.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, mo gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, mo jẹ́rìí pé Ọlọ́run ti fi ejò inú ilé mi hàn mí. Mi ò dárúkọ, ṣùgbọ́n ìyàwó mélòó ló wà nílé mi? Gbogbo ojú yí sí ibi tí Fọlákẹ́ jókòó sí. Nígbà tí a délé, mo fi ìpolówó náà han Dàpọ̀. Fọlákẹ́ kúnlẹ̀, ó ń sunkún. "Mọ́mì, mo fi Jésù bẹ̀ yín, mi ò mọ nǹkan tó jọ bẹ́ẹ̀ rárá." Mo ní kó pa ẹnu rẹ̀ mọ́. Nígbà tó fi di ọjọ́ kejì, ó ti wà lọ́dọ̀ àwọn òbí rẹ̀ ní Alákijà.

Oṣù méjì kọjá. Fọlákẹ́ kò sí nílé mọ́, àmọ́ àwọn ọkùnrin inú ìpolówó kò lọ. Wọ́n tilẹ̀ pọ̀ sí i ni, àwọn lọ́yà tó ń tú ìgbéyàwó ká sì dara pọ̀ mọ́ wọn. Ta wá ni wọ́n ń polówó fún? Mo lọ bá obìnrin kan tó ní kafé íńtánẹ́ẹ̀tì ládùúgbò wa, mo díbọ́n pé ọ̀rẹ́ mi ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Ó bú sẹ́rìn-ín. "Màmá, àwọn tó ń polówó yẹn máa ń ṣọ́ nǹkan tí èèyàn ń wò ni o, irú ẹ̀ náà ni wọ́n á máa gbé wá bá a. Ẹ bi ọ̀rẹ́ yín, kí lòun náà ń wò?"

Mo padà sílé, mo dúró níwájú kọ̀ǹpútà náà. Gbogbo ìbéèrè ẹlẹ́gbin yẹn, ta ló tẹ̀ wọ́n? Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Ṣùgbọ́n ojú ọmọ ọlọ́mọ ni mo jẹ́ kó fẹ́ tèmi sí.

Lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá, mo gba Alákijà lọ láti jẹ́wọ́. Fọlákẹ́ fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn, ó ti rù kanlẹ̀. Mo rò pé yóò tilẹ̀kùn mọ́ mi ni, àmọ́ ńṣe ló kúnlẹ̀ kí mi, ó gbé omi wá. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ ṣeun. Nínú gbogbo ará ilé yín, ẹ̀yin nìkan lẹ wá wò mí." Mo ní mo kàn ní kí n yà kí i ni. Mo mu omi rẹ̀, mo sì padà wálé.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ má sọ fún mi pé ó yẹ kí n jẹ́wọ́, mo mọ̀ pé ó yẹ. Bí mo ṣe ń kọ èyí, Dàpọ̀ wà ní yàrá kejì, ó ń di bàtà ìyàwó rẹ̀ sínú páálí ní méjì méjì. Mo ti dìde lẹ́ẹ̀mẹta láti lọ bá a, mo tún ti jókòó. Ẹ ṣáà kọ́ mi ní ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ìyá fi ń bẹ̀rẹ̀ irú èyí fún ọmọ rẹ̀.