Ta Ni Ẹ Ní Bàtà Mi Bá Mu?

Ẹ ní ẹ ti ta kí ni? Ọ̀gá oníbàtà, ẹ tún un sọ, etí mi ò gbọ́! Bàtà mi? Bàtà pupa tí mo fi oṣù mẹ́ta gbáko dúró dè, tí ẹ ń wọn ẹsẹ̀ mi síwá sẹ́yìn bí ẹni ń wọn ilẹ̀, tó jẹ́ pé ọ̀túnla, Sátidé, ni mo fẹ́ wọ̀ ọ́? Háà! Ẹ gbà mí o! Ẹ̀yin kọ́ lẹ fi fóònù pè mí láàárọ̀ àná pé ó ti parí, kí n wá mú un? Ẹ̀yin náà kọ́? Èwo wá ni "ẹ ṣe sùúrù"? Gbogbo sùúrù tí mo ní láyé, inú bàtà ló tán sí.

Ẹ jẹ́ kó yé mi. Obìnrin kan wọlé, ó wọ bàtà mi, bàtà sì bá a mu. Ó bá a mu kẹ̀? Ẹsẹ̀ yìí? Ẹ jẹ́ kí n bọ́ sálúbàtà yìí kí ẹ tún un wò, bóyá ẹ ti gbàgbé. Ṣé ẹ rí iwájú rẹ̀ bó ṣe fẹ̀? Ṣé ẹ rí egungun tó yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtàǹpàkò? Ẹ wá wo gìgísẹ̀, tín-ín-rín, àfi bíi pé ti ẹlòmíì ni wọ́n yá mi! Bàtà tó bá gba iwájú, ẹ̀yìn rẹ̀ á máa lù mí ní gìgísẹ̀ pa, pa, pa. Èyí tó bá di ẹ̀yìn mú, mi ò ní rìn dé ẹnu ọ̀nà tí màá fi máa ké pe ìyá mi. Ọ̀tún sì tún tóbi ju òsì lọ! Ìyá mi tó bí mi gan-an ní òun ò mọ ibi tí mo ti rí i. Ẹsẹ̀ yìí lẹ wá ní ẹlòmíì ní irú ẹ̀, tó kàn ń kọjá lọ lójú títì, tó yà wọlé?

Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn o. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi dúró nílé ìfọṣọ ilé ìwòsàn, lórí sìmẹ́ǹtì tútù, tí mò ń fi áyọ́ọ̀nù lọ aṣọ ibùsùn aláìsàn láti àárọ̀ dìrọ̀lẹ́, bàtà rọ́bà ọkùnrin ló sì wà lẹ́sẹ̀ mi. Bàtà gogoro tí bàbá àwọn ọmọ mi rà fún mi nígbà tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra, nínú kọ́bọ́ọ̀dù ló wà títí dòní, mo kàn máa ń nù ún ni. Ọjọ́ ìgbéyàwó ọmọ mi obìnrin ńkọ́? Bàtà àbúrò mi ọkùnrin ni mo yá wọ̀, mo wá fi aṣọ tó ń wọ́lẹ̀ bò ó. Nínú gbogbo fọ́tò ọjọ́ yẹn, ẹ ò lè rí ẹsẹ̀ mi, ẹ̀yìn àga ló wà, ẹ̀yìn òdòdó ló wà.

Wàyí o, mo fẹ́ fẹ̀yìn tì. Ní Sátidé, níbi ayẹyẹ ìdágbére mi, ọ̀gá pátápátá ilé ìwòsàn máa pe orúkọ mi, màá gun àtẹ̀gùn mẹ́fà lọ sórí pèpéle, kí gbogbo dókítà àti nọ́ọ̀sì máa wo ẹsẹ̀ mi bó ṣe ń gòkè. Mo ní lẹ́ẹ̀kan péré, mi ò ní fi nǹkan kan bò ó. Aṣọ tí mo rán, orúnkún ló mọ! Mo ti rán an tán o! Ẹ wá sọ ohun tí n ó wọ̀ sí i.

Èyí tó dùn mí jù ò tíì jáde lẹ́nu mi o. Nígbà tí mò ń retí yín lóde, onídìrí ìsọ̀ kejì ti tú àṣírí yín. Ó ní bí oníbàárà bá ti ń ráhùn pé ẹsẹ̀ òun ò dára, pé òun ò rí bàtà rà, ẹ̀yin á gbé bàtà mi sílẹ̀ látorí pẹpẹ, ẹ ó ní, "Màdáámù, ẹ wo ti ẹlòmíì kí ẹ dúpẹ́." Wọ́n á wò ó, ara á tù wọ́n, wọ́n á ra bàtà! Ọ̀gá! Èmi tí mò ń kí yín tọ̀yàyàtọ̀yàyà! Ẹsẹ̀ mi lẹ wá ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ jẹun! Ẹ ń rẹ́rìn-ín? Ẹ má rẹ́rìn-ín o, ẹ má jẹ́ kí èmi náà rẹ́rìn-ín, inú ló ń bí mi!

Ó wá bẹ́yìn yọ, àbí? Ẹ gbé e fún obìnrin yẹn kó fi dúpẹ́, ó ní òun fẹ́ dán an wò, ẹ ní kó dán an wò, ẹ ti ń fẹnu pa ẹ̀rín mọ́, ẹsẹ̀ bá wọlé wẹ́rẹ́. Ó tọ́ sí yín! Àmọ́ kí ló dé tó jẹ́ èmi ni mò ń jìyà ẹ̀? Ẹ ò lẹ́nu tẹ́ ẹ fi máa sọ pé bàtà yìí lẹ́ni tó ni ín?

Ẹ ní ó ṣe kí ni? Ó sunkún?

Ẹkún gidi? Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbí yìí, ó di ẹsẹ̀ méjèèjì mú, ẹ ò wá lè bọ́ ọ lẹ́sẹ̀ ẹ̀. Hùn.

Ọ̀gá, ọjọ́ tí ẹ kọ́kọ́ ní kí n wọ̀ ọ́ wò, ṣebí mo ní mo fẹ́ lọ gba atẹ́gùn? Irọ́ ni mo pa. Ẹ̀yìn ìsọ̀ onídìrí ni mo lọ, tí mò ń fi ìborùn nu ojú, èmi àgbàlagbà ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta. Láti kékeré ni mo ti gbà pé èmi nìkan ṣoṣo ni wọ́n dá báyìí.

Ó fi nọ́ńbà sílẹ̀? Ẹ ò sì tètè sọ! Ẹ pè é, ẹ pè é lójú mi báyìí. Rárá, ta ló ní kó dá a padà? Kó máa wọ̀ ọ́. Ẹ̀yin lẹ máa jókòó síbẹ̀ yẹn, kí ẹ gé awọ lónìí, kí ẹ rán an mọ́jú, kí tèmi délẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọ̀la, pupa fòò, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ bàtà rọ́bà ni màá wọ̀ gun pèpéle, màá gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ́wọ́ ọ̀gá pátápátá, màá sì júwe ìsọ̀ yín fún gbogbo ayé! Ṣùgbọ́n obìnrin yẹn, ẹ ní kó máa bọ̀, kó wọ bàtà náà wá. Dígí ilé wa, àyà ló mọ, bí mo bá sì wolẹ̀, orí ẹsẹ̀ nìkan ni mò ń rí. Mi ò rí ẹsẹ̀ mi rí kó máa rìn bọ̀ wá bá mi. Ẹnu ọ̀nà yín níbí ni màá dúró sí, kó gba ojú títì yẹn bọ̀ jẹ́jẹ́, kó má sáré. Ẹ pè é, ọ̀gá, kí n wo bí mo ṣe rẹwà tó.