Ọkà Tó Wọ Ẹ̀wù Ìgò

Ní ọdún tí ìjọba ní kí wọ́n má kó ọkà òkè òkun tí wọ́n fi ń pọn bíà wọlé mọ́, mo wà nínú mọ́tò Òkè-Onígbìn pẹ̀lú ìyá kan àti ọmọ rẹ̀ ará Èkó, tí wọ́n ń lọ ṣe òkú bàbá ọmọ náà. Ìyá gbé àpò ọkà bàbà tó ti hù lé itan.

"Ìyá, ẹ má pọn ọtí ọkà. Bíà ni àwọn ọ̀rẹ́ mi máa mu."

"Kí ni wọ́n fi ń pọn bíà báyìí?"

Ó kọjú sí fèrèsé. "Ọkà bàbà ni."

"Irú èyí?"

"Òun ni, Ìyá."

"Ó wọ ẹ̀wù ìgò, o wá ń tijú tèmi. Mo pọn ọn fún bàbá rẹ láyé, n ó pọn ọn fún òkú rẹ̀. Gbé bíà rẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ agbè mi, ká wo èyí tó máa kọ́kọ́ tán."