Ìwé Pélébé Tí Mo Pààrọ̀

Ẹ jókòó, gbogbo yín. Àbúrò mi, fi àwo yẹn sílẹ̀, wá jókòó ti ọkọ rẹ. Ọ̀rọ̀ tí mo pè yín fún yìí, ọdún mẹ́sàn-án ló ti há mi lọ́fun bí eegun ẹja. Mi ò lè gbé e mì, mi ò lè pọ̀ ọ́ jáde. Òní ni yóò jáde. Ẹ má já lu ọ̀rọ̀ mi o. Tí ẹ bá já lù ú, ẹ̀rù á bà mí, n óò sì tún parọ́.

Ẹ mọ iṣẹ́ mi. Yàrá ìpè ni mo wà, níbi tá a ti ń gba ìpè àwọn tára wọn ò yá ká tó rán ọkọ̀ sí wọn. Fóònù méjì ló wà lórí tábìlì mi. Òfin ibẹ̀ ò le: gba ìpè kan, kọ àdírẹ́sì sórí ìwé pélébé, kà á padà fún ẹni tó pè, tì í gba ojú fèrèsé sí awakọ̀, kó o tó fọwọ́ kan fóònù kejì. Kábọ́ọ̀nù wà lábẹ́ ìwé náà, ẹ̀dà rẹ̀ a kù sí wa lọ́wọ́. Èmi agbéraga, mo ní àwọn ọ̀lẹ ni wọ́n ṣòfin yẹn fún. Fóònù kan létí ọ̀tún, ọ̀kan létí òsì, bírò lọ́wọ́, mo tún ń dá ọ̀gá lóhùn. Elétí-Mẹ́rin ni wọ́n ń pè mí, orí mi a sì máa wú. Ẹni tó ń lé eku méjì á pòfo, mo mọ òwe yẹn láti kékeré, mo ṣebí àwọn ẹlòmíì ni wọ́n ń pa á fún.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, bàbá arúgbó kan pè, omi gbígbóná dà sí i lẹ́sẹ̀. "Kì í ṣọ̀rọ̀ ikú o, ọmọ mi," ó ní, "ẹ máa bọ̀ tí àyè bá yọ." Ilé kẹrìnlá, òpópónà ilé ẹ̀kọ́. Kó tó sọ ọ́ tán, fóònù kejì dún. Obìnrin kan ni, ìyàwó bíríkìlà: "Ẹ gbà mí! Ọkọ mi di àyà mú, ó ṣubú, kò lè mí dáadáa!" Ilé kẹfà, òpópónà tánkì omi. Bó ṣe ń sunkún létí kan, bàbá ń sọ̀rọ̀ létí kejì, ọ̀gá wa tún yọjú: "Ìwé ìpín iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ dà?" Mo dá ọ̀gá lóhùn, mo padà sí bàbá, mo padà sí obìnrin, mo kọ ìwé tirẹ̀ ṣáájú. Nọ́ńbà ilé obìnrin ni mo kọ, òpópónà bàbá ni mo kọ mọ́ ọn. Mi ò kà á padà fún ẹnikẹ́ni. Àna mi tó jókòó yìí ló gbà á lójú fèrèsé. Ẹ rántí pé Ojú-Àṣá là ń pè é nígbà yẹn, awakọ̀ tó ń ka nọ́ńbà ilé láti ìkángun òpópónà. Ó gba ìwé, ó fò sọ́kọ̀.

Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, obìnrin yẹn tún pè. "Ọkọ̀ dà? Ètè rẹ̀ ti ń dúdú!" Mo ní ọkọ̀ ti ń bọ̀. Mo wá wo ẹ̀dà abẹ́ kábọ́ọ̀nù. Yéè! Ilé kẹfà, òpópónà ilé ẹ̀kọ́ ni mo kọ síbẹ̀! Ọkọ̀ kejì wà nínú ọgbà wa níbẹ̀, awakọ̀ rẹ̀ ń nu gíláàsì. Ibí yìí ni kí ẹ ti gbọ́ mi dáadáa. Mi ò pe ọkọ̀ kejì. Bírò ni mo kọ́kọ́ wá. Mo ya ẹ̀dà yẹn, mo jókòó, mo fara balẹ̀ kọ òmíràn, àdírẹ́sì tó tọ́, aago tó tọ́, mo rọra ń kọ ọ́ kó lè jọ ìwé tí mò ń kọ lójoojúmọ́. Fóònù wà lórí tábìlì, mò ń gbọ́ obìnrin yẹn nínú rẹ̀: "Olówó orí mi, dá mi lóhùn. Dá mi lóhùn, jọ̀ọ́." Ìṣẹ́jú mẹ́rin gbáko! Ìgbà tí mo kọ ọ́ tán ni mo tó ké sí ọkọ̀ kejì. Nígbà tí wọ́n fi débẹ̀, ọkùnrin náà ti kú.

Ojú-Àṣá padà dé. "Bọ̀dá, mo kan ilẹ̀kùn yẹn títí ọwọ́ mi fi bó, kò séèyàn ńbẹ̀." Ó dá ìwé padà bí òfin ṣe wí, mo fi tuntun rọ́pò rẹ̀. Nígbà tí ìgbìmọ̀ tó ń wádìí ikú náà pè é, wọ́n fi ìwé hàn án: òpópónà tánkì omi, gàdàgbà. Ó wo ìwé, ó wò mí, ó tún wo ìwé. Mo ṣebí á pè mí lónírọ́. "Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ló kọ ọ́," ó ní, "wọn ò lè parọ́ mọ́ mi. Ojú mi ló tàn mí." Háà! Wọ́n lé e. Ó lọ ra awò ojú tí kò nílò, kò sì wa ọkọ̀ mọ́ títí dòní. Àbúrò mi, ìwọ lò ń ka lẹ́tà fún un. Èmi náà ń wá síbí, mò ń jẹun yín.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, obìnrin kan tó ń ṣèwádìí nípa ọpọlọ wá dán wa wò níbi iṣẹ́. Káàdì ni. Tó bá pupa, ká sọ nọ́ńbà ara rẹ̀; tó bá dúdú, ká sọ lẹ́tà. Pupa nìkan, mo yára. Ó pa méjèèjì pọ̀, èmi Elétí-Mẹ́rin bẹ̀rẹ̀ sí í kálòlò. "Ẹ má jẹ́ kó dùn yín, bàbá," ó ní. "Kò sẹ́ni tó ń ṣe méjì pọ̀. Ọkàn kàn ń fò láti ọ̀kan sí èkejì ni. Gbogbo ìgbà tó bá fò, á pẹ́ díẹ̀, díẹ̀ lára iṣẹ́ àkọ́kọ́ á sì lẹ̀ mọ́ ìkejì. Bí gbogbo wa ṣe rí nìyẹn." Ó rò pé òun ń tù mí nínú. Mo jáde, mo gbalé lọ, mo yọ ìwé àkọ́kọ́ yẹn wò. Ó túmọ̀ sí pé ohun tí mo fi pa mọ́ kì í ṣe ohun ìtìjú rárá! Bí mo bá ti pariwo, "Mo ti ṣì í kọ o," kò sẹ́ni tó máa pa mí, bóyá bíríkìlà ì bá wà láàyè. Àṣìṣe lè ṣe ẹnikẹ́ni. Irọ́ yẹn, èmi ni mo jókòó kọ ọ́.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ parí ọ̀kan kí ẹ tó mú ìkejì. Bí ẹ bá sì ṣì í ṣe, ẹ kígbe kí ẹ tó wá bírò. Ìwé tòótọ́ rèé, èyí tí àna mi dá padà lọ́jọ́ yẹn. Àìmọye ìgbà ni mo fẹ́ sun ún, ọwọ́ mi kọ̀. Lọ́la, n óò mú un lọ bá ìyàwó bíríkìlà, láti ibẹ̀ n óò gba ọ́fíìsì lọ, kí wọ́n fi mí ṣe ohun tó bá wù wọ́n. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ ló yẹ kó kọ́kọ́ dé. Gbà, àna mi. Èmi àgbà, mo dọ̀bálẹ̀, dárí jì mí. Rárá, bọ́ awò yẹn. Bọ́ ọ sílẹ̀. Òpópónà wo ni mo kọ síbẹ̀? Kà á sókè, kí àwọn ọmọ rẹ gbọ́.